Àgọ́ Fẹ́lẹ́ Tí Ìyá Tapólì Tún Rán

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ìyá Tapólì fún yín, nítorí bí mi ò bá sọ ọ́, ta ni yóò sọ ọ́? Èmi ni mo ń tún agboòrùn ṣe ní ṣọ́ọ̀bù tó fara ti tirẹ̀. Pákó ló là wá láàárín, pákó náà sì fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń mọ̀ pé òwú ti já lójú abẹ́rẹ́ rẹ̀ kí òun alára tó mọ̀. Mi ò lọ sí ilé ìwé kankan. Ara páálí bisikíìtì àti ìwé ìròyìn tí wọ́n fi ń di ìṣó ni mo ti kọ́ ìwé kíkà, síbẹ̀ kò sí agboòrùn tó wọ ìlú yìí tí kò tíì forí balẹ̀ fún mi. Afẹ́fẹ́ pàápàá mọ̀ mí. Nígbà kan tí ìjì gbé òrùlé ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ, mo ṣí agboòrùn dúdú kan sí i báyìí, ìjì náà dúró, ó wò mí, ó sì yà sí òpópónà kejì. Àwọn tó rí i ṣì wà láyé, àfi àwọn tó ti kú nínú wọn.

Ìyá Tapólì kì í ránṣọ èèyàn. Tapólì ló ń rán, aṣọ líle tí àwọn awakọ̀ fi ń bo ẹrù lẹ́yìn ọkọ̀ ńlá, àti ìbòrí tí wọ́n ń nà síwájú ṣọ́ọ̀bù kí òòrùn má baà ba ọjà jẹ́. Bí ẹ̀rọ rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́, ife tíì mi á máa jó lórí tábìlì lọ́dọ̀ mi. Bí ẹ bá sì rí abẹ́rẹ́ tó ń lò, ẹ ó rò pé ìṣó ni. Ohun tó sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo awakọ̀ ń wá ni pé ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń rán ojú kọ̀ọ̀kan. Tó bá rán an dópin, á yí i padà, á fi ìlà òwú kejì tẹ̀ lé àkọ́kọ́. Bí awakọ̀ kan bá ní, "Ìyá, ọ̀kan ti tó, mo ń kánjú," á gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, á ní, "Ó yá, gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń rán ẹyọ kan."

Kò sẹ́ni tó láyà láti bi í nídìí, ṣùgbọ́n èmi mọ̀ ọ́n. Ọkọ rẹ̀, ẹni jẹ́jẹ́ kan báyìí tó ga bí òpó iná, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ omi ni. Orí òkè tí à ń wò láti iwájú ṣọ́ọ̀bù wa ni omi ẹ̀rọ ìlú ti ń wá. Iṣẹ́ ọkùnrin náà ni kó máa tọ páìpù láti orísun omi títí wọ ìlú, kó máa wá ibi tó ń jò. Ìrìn náà gùn, ó máa ń sùn lọ́nà. Lọ́dún kan ìjì ká a mọ́ orí òkè, àgọ́ tí wọ́n fún un níbi iṣẹ́ sì ya gẹ́rẹ́ lójú ibi tí wọ́n ti rán an pọ̀. Òjò lù ú mọ́jú. Wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀ láàyè, àmọ́ òtútù àyà ti mú un, òun náà ló sì pa á. Nígbà tí wọ́n kó ẹrù rẹ̀ wá fún ìyàwó, àgọ́ yẹn ló kọ́kọ́ tú. Ó fi ìka tọ ibi tó ya láti òkè délẹ̀.

"Ìlà kan," ló wí. "Ìlà òwú kan ṣoṣo ni wọ́n fi rán an."

Láti ìgbà náà ló ti ń rán gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ wá wò ó, iṣẹ́ baba yẹn gan-an ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí fún un, obìnrin, lọ gbà. Ẹlẹ́sẹ̀ Irin là ń pè é ládùúgbò, nítorí láti kékeré ló ti ń rìn tí kì í rẹ̀ ẹ́. Ìyá rẹ̀ sunkún, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó wá jókòó sídìí ẹ̀rọ. Ọmọ ní, "Màmá, ìdí mi ò gba àga yín." Nígbà tí ìyá rí i pé ọ̀rọ̀ ti kọjá ẹ̀bẹ̀, ó rán àgọ́ fún un fúnra rẹ̀: tapólì gidi, òpó irin, ìlà òwú méjì níbi gbogbo. Erin lè fẹ̀yìn tì í kó má mì. Ọmọ náà ń gbé e pọ̀n lọ sórí òkè, ọdún ń gorí ọdún, kò ráhùn. Nígbàkígbà tó bá ń lọ, á dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, á kẹ̀yìn sí ìyá rẹ̀. Ìyá á fi ọwọ́ méjèèjì fa okùn èjìká àpò ẹ̀yìn rẹ̀ gbàgbà, á tún un fà, á wá gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́.

"Ó dúró. Máa lọ."

Bí kò bá tíì gbọ́ "ó dúró," Ẹlẹ́sẹ̀ Irin kì í ṣísẹ̀.

Ẹsẹ̀ nìkan ló jẹ́ irin ṣá, ẹ̀yìn kì í ṣe irin. Bó bá ti sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, á máa rìn bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Nọ́ọ̀sì ibi iṣẹ́ wọn sọ fún un pé kó yáa wá nǹkan ṣe sí ẹrù tó ń gbé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìdí ẹ̀rọ yẹn náà ni yóò padà jókòó sí.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ló wọlé tòun ti àpò kékeré kan lábíyá. Mo rò pé búrẹ́dì ni.

"Bàbá Alágboòrùn, ẹ káàsán o. Màmá, ẹ wá wo ilé tuntun tí mo rà."

Ìyá Tapólì gba àpò náà, ó jù ú sókè, ó hán an. "Kí ló wà nínú èyí? Ṣé àwọ̀tẹ́lẹ̀ ni?"

"Àgọ́ ni, Màmá."

"Àgọ́ èèrà?"

Èmi náà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti tún agboòrùn ọmọdé tó wúwo jù ú lọ ṣe. A tẹ́ ẹ sí ẹ̀yìnkùlé láàárín ṣọ́ọ̀bù wa méjèèjì. Àwọ̀ eérú ni, ó ń yọ̀ lọ́wọ́, ó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà débi pé nígbà tí mo ki ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀, mo rí ìlà àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó ń dún pàràpàrà bí ewé gbígbẹ. Ìyá Tapólì fi ìka méjì ra á bó ṣe ń ra gbogbo aṣọ, ó gbé e sétí, ó fi ahọ́n tọ́ ọ wò.

"Èyí ni òjò máa rọ̀ lé?"

Ó wá ki ọwọ́ sínú àpò, ó ń wá òpó. Ó da àpò náà dojú bolẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n. Okùn àti àwọn èèkàn tín-ín-rín tí kò nípọn ju ìdí ṣíbí tíì lọ ló jábọ́.

"Ọmọ mi, wọ́n ti rẹ́ ọ jẹ. Òpó rẹ̀ dà?"

Ẹlẹ́sẹ̀ Irin bú sẹ́rìn-ín, ó gbé ọ̀pá ìrìn rẹ̀ méjèèjì sókè, èyí tó máa ń tì nílẹ̀ bó bá ń gun òkè. "Àwọn nìyí. Ọ̀pá tí mo fi rìn lójúmọmọ náà ló máa gbé e dúró bí mo bá fẹ́ sùn. Kò sídìí láti ru òpó kankan mọ́."

"Tí o bá ń rìn lọ́nà tí ọ̀pá kan kán ńkọ́?"

"Màá fi igi."

"Tí kò bá sí igi?"

"Màmá, màá pè yín kí ẹ wá dì í mú."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó kan èèkàn mọ́ igun rẹ̀, ó rọra ki ọ̀pá sí i nínú, ó fa ọ̀pá náà gùn, àgọ́ náà sì dìde bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo yẹ̀ ẹ́ wò yíká, mo sì dá ẹjọ́ rẹ̀ níbẹ̀: agboòrùn tó ń yá egungun lò ni. Ẹni tó bá gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀, kó wá bá mi. Mo rá wọ inú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ dà bí ìgbà tí èèyàn wà nínú ẹyin. Orí mi kan apá kan, àtẹ́lẹsẹ̀ mi kan apá kejì, nígbà tí mo sì mí díẹ̀, aṣọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn lójú mi. Kí n má parọ́, mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo ní bí mo bá ṣì wà ní ọ̀dọ́, màá fi rin ayé já.

Ìyá Tapólì ló wọlé kẹ́yìn. Ó dùbúlẹ̀ gbalaja, ó kó ọwọ́ lé àyà, ojú rẹ̀ wà lórí ibi tí aṣọ méjì ti pàdé lókè. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ìlà kan ni."

"Bí wọ́n ṣe ń rán an nìyẹn, Màmá. Gọ́ọ̀mù kan bá a wá, mo ti fi kun gbogbo ojú rírán rẹ̀ lánàá. Kò lè jò."

"Mi ò sọ ti jíjò. Yíya ni mo ń sọ."

"Kò ní ya."

"Ẹni tó rán ti bàbá rẹ náà ò sọ pé yóò ya."

Ẹlẹ́sẹ̀ Irin fa ọ̀pá yọ, ó ká àgọ́ náà mọ́ra. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ ṣèlérí fún mi."

"Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?" ni ìyá rẹ̀ wí. Ẹ̀yin náà sì rí i pé kì í ṣe ìlérí nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ wá egungun agboòrùn lópin ìlú. Ká ní mo wà nílé ni, ọ̀rọ̀ ì bá má rí bó ṣe rí. Ẹlẹ́sẹ̀ Irin ti lọ gba bàtà àti tọ́ọ̀ṣì níbi iṣẹ́. Ohun tí Ìyá Tapólì ṣe lẹ́yìn wa, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi nígbà tó yá. Ó mú àgọ́ náà jáde. Ó wá abẹ́rẹ́ tó kéré jù lọ́dọ̀ rẹ̀, tó ṣì nípọn ju ti aránṣọ èèyàn lọ. Ó wá òwú aláwọ̀ eérú kí ojú má baà rí i. Ó wá fi ìlà kejì tẹ̀ lé ìlà kìíní lójú gbogbo ibi tí wọ́n ti rán, láti orí òkè àgọ́ dé eteetí, àní títí kan àpò kékeré tó ń wọ̀. Ó ní òun ò tíì ránṣọ tẹ̀sọ̀tẹ̀sọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó ká a padà bó ṣe bá a.

Ní òwúrọ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kẹ̀yìn sí i. Ìyá fa okùn. Inú rẹ̀ dùn débi tó fi gbá a lẹ́yìn jù bó ṣe máa ń ṣe lọ. "Ó dúró! Máa lọ, ìyá mi."

Ìkùukùu bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ sórí òkè lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Mo ń tẹ irin kan lọ́wọ́ nígbà tí Ìyá Tapólì yọjú sí mi tòun ti àpò kékeré yẹn. Ọmọ náà ti fi í sílẹ̀ sórí ìṣó, ó ní àpò ẹ̀yìn nìkan ti tó fún òun.

"Bàbá Alágboòrùn, fa ojú èyí wò."

Mo fà á. Kò mira.

"Tún un fà! Ìwọ tí o ń bá ìjì sọ̀rọ̀."

Mo fi orúnkún tì í, mo fà á. Kò ya. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ìlà òwú kejì hàn mí. Mo bi í pé ṣé àpò nìkan ni. "Gbogbo rẹ̀," ló wí, ó gbé àyà sókè. "Ìjì tó bá lágbára, kó wá."

Èmi tí mo ti fi gbogbo ọjọ́ ayé mi wà láàárín aṣọ àti òjò, mo mọ ohun tí ihò abẹ́rẹ́ ń ṣe. Mo mú kẹ́tù tíì mi, mo da omi tútù sínú àpò náà, mo gbé e sókè láàárín wa. Ẹ̀gbẹ́ ìlà òwú àkọ́kọ́ gbẹ, nítorí ara àpò yẹn ni ọmọ náà ti kọ́kọ́ dán gọ́ọ̀mù wò. Ojú ìlà kejì ni omi ti yọ. Ẹ̀kán omi kọ̀ọ̀kan láti ihò kọ̀ọ̀kan, wọ́n tò bí òógùn níwájú orí, wọ́n sanra, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́.

Ìyá Tapólì ń wò ó. "Tapólì kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

"Tapólì jẹ́ òwú," ni mo wí. "Bó bá mu omi, á wú, á dí ihò ara rẹ̀. Ọ̀rá ni èyí, kò mọ bí wọ́n ṣe ń wú."

Àrá sán lórí òkè. Ìyá Tapólì pe fóònù ọmọ náà, kò wọlé. Kì í wọlé lókè lọ́hùn-ún. Ó ti ṣọ́ọ̀bù láìbo ẹ̀rọ, ohun tí mi ò rí rí. Awakọ̀ kan tí à ń pè ní Sùúrù, nítorí pé kò ní ín, ló gbé wa lọ sí ẹsẹ̀ òkè. Ìyá Tapólì gbé àgọ́ líle tó rán fún ọmọ náà nígbà kan dání. Yàrá kékeré kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ omi, olùṣọ́ kan ló ń gbé ibẹ̀.

"Ẹ ò lè gòkè nínú òjò yìí," ni olùṣọ́ wí.

"Èmi máa gòkè," ni mo dá a lóhùn. "Mo ti gun èyí tó ju èyí lọ nínú òkùnkùn, mo tún gbé ìyàwó mi pọ̀n."

"Bàbá, láti ìgbà tí ẹ ti sọ̀ nínú ọkọ̀ ni mo ti ń gbọ́ tí orúnkún yín ń ké. Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́."

Mo jókòó. Òru ọjọ́ yẹn, mi ò ní sọ ọ́. Ìyá Tapólì gbé àgọ́ líle yẹn lé itan bí ẹni gbé ọmọ. Gbólóhùn kan ló sọ: "Ìlà kan ló pa bàbá rẹ̀. Èmi wá fi méjì..."

Ilẹ̀ mọ́ tán kí Ẹlẹ́sẹ̀ Irin tó yọ. Ọ̀pá kan ló fi ń ti ara rẹ̀ bọ̀, ó fi àgọ́ náà bora bí aṣọ ìbora, ètè rẹ̀ ti di àwọ̀ kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Olùṣọ́ sáré gbé e wọlé, a bọ́ aṣọ tútù lára rẹ̀, a gbé e sídìí iná. Eyín rẹ̀ ń lu ara wọn, síbẹ̀ ó fẹ́ rẹ́rìn-ín.

"Ó dúró, Màmá. Ìjì fi gbogbo ara lé e, kò ya. Àmọ́ ó jò bí asẹ́. Èmi ni. Mi ò kun gọ́ọ̀mù yẹn dáadáa."

"Ọjà ìsinsìnyí náà nìyẹn," ni olùṣọ́ wí. "Ayédèrú ni wọ́n tà fún ọ."

Bí Ìyá Tapólì bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Mo wò ó. Ó wò mí.

"Ìwọ kọ́," ló sọ fún ọmọ rẹ̀. "Mo rán an. Mo tún gbogbo rẹ̀ rán nígbà tí o lọ gba bàtà. Abẹ́rẹ́ mi ló dá a lu."

Ẹlẹ́sẹ̀ Irin tẹjú mọ́ ọn. "Mo ní kí ẹ má fọwọ́ kàn án."

Ikọ́ ló tẹ̀ lé e, ìyá rẹ̀ sì di ògiri mú, nítorí bí ọkọ rẹ̀ ṣe wúkọ́ kó tó kú gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Wọ́n dá a dúró sí ilé ìwòsàn. Àyà rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ní kó máa bọ̀ nílé, àmọ́ ikọ́ náà ò lọ tán. Ó ń sùn ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Ìyá á gbé omi gbígbóná wá, ọmọ á ní, "Ẹ ṣé." Ìyá á gbé oúnjẹ wá, ọmọ á ní, "Ẹ ṣé." Mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìhà pákó tèmi. Ká ní ó bú ìyá rẹ̀ ni, ì bá sàn.

Ọ̀sán kan ló bọ́ síta, ó tẹ́ àgọ́ náà sórí tábìlì gígùn, ó gbé gọ́ọ̀mù ka iwájú ìyá rẹ̀.

"Gbogbo ihò," ló wí.

Ìyá Tapólì mú igi ìṣáná, ó ń fi orí rẹ̀ tọ́ gọ́ọ̀mù, ó ń dí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan aṣọ. Àwọn awakọ̀ wá, wọ́n bá ẹ̀rọ níbi tó dákẹ́ sí, wọ́n padà. Nígbà tí gọ́ọ̀mù gbẹ, ọmọ náà pa àgọ́ náà sí ẹ̀yìnkùlé, ó dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ da omi lé e."

Mo gorí àga, mo ń fi agolo tí wọ́n fi ń bomi rin òdòdó rọ òjò fún un.

"Ẹ tún dà á... Ó kù ibì kan. Iwájú orí mi ló ń kán sí."

Ìyá rẹ̀ rá wọlé tòun ti gọ́ọ̀mù. Mo dá omi dúró. Ẹsẹ̀ méjì ìyá àti ẹsẹ̀ méjì ọmọ ló yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìyá jáde, ó ní kí n máa dà á. Mo dà á tán, kò kán mọ́.

Láàárọ̀ tó ń padà síbi iṣẹ́, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kẹ̀yìn sí ìyá rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ìyá Tapólì kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ìró.

"Ẹ ò ní fà á wò?"

Ó yọ ọwọ́ kan. Ó fi ìka méjì fa okùn èjìká náà, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń yẹ ojú egbò wò. Ẹnu rẹ̀ là, a dúró de ọ̀rọ̀ yẹn.

"Mi ò mọ̀," ló wí. "Mi ò mọ̀, ọmọ mi."

Ẹlẹ́sẹ̀ Irin ò yíjú. Ó wá fúnra rẹ̀ di okùn náà mú, ó fà á lẹ́ẹ̀kan, ó wúkọ́, ó sì ń lọ. Orí òkè mọ́, àfi ìkùukùu kékeré kan tó fẹ̀gbẹ́ tì í.

Ìyá Tapólì wọlé. Tapólì Sùúrù wà lórí ẹ̀rọ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó rán ìlà kìíní lọ, ife tíì mi ń jó, ó rán an dópin. Ẹ̀rọ dákẹ́.

"Ìyá, ṣé ó ti tán?" ni Sùúrù béèrè.

Mo di ife mi mú, mo fi etí ti pákó, mo ń retí ìlà kejì.